Eyín Kásẹ́ẹ̀tì àti Ẹsẹ̀ Akọ̀wé Ààrẹ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n fún ọmọ mi obìnrin, Nímọ̀, ní ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó àwọn fúláàtì ní agbègbè wa, ó sì ṣe é. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan dìde, ó ní ilẹ̀kùn tó yẹ kó dá iná dúró ní àjà àwọn kì í padé mọ́, okùn ni àwọn fi ń so ó kí atẹ́gùn má baà máa gbá a. Mánéjà ní kí Nímọ̀ yọ ọ̀rọ̀ ìyá náà kúrò, kí ó sì fọwọ́ sí ìyókù pé bí ìpàdé ṣe lọ gan-an nìyẹn. Nímọ̀ ní òun kò lè ṣe é. Ìkìlọ̀ dé. Wọ́n ní kí ó lọ rò ó di ọjọ́ Ẹtì.

Nímọ̀ ní ọmọ méjì, òun nìkan ló sì ń tọ́ wọn. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ibi tí yóò forí lé. Ẹ̀rù yìí ló ń bà mí bí mo ṣe jókòó sídìí fèrèsé mi ní Peckham ní Ọjọ́rú yìí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe, iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo ni kí á ṣe, ẹ gbọ́ bí tèmi ṣe lọ kí ẹ tó yàn.

Taipíìsì ni mí, irú èyí tó ń fi etí ṣiṣẹ́. Wọn yóò gba ohùn èèyàn sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, èmi yóò fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí, n ó sì tẹ ohun tí mo gbọ́ sórí ìwé. Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gùn. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́ ọkọ, mo bá wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì júwe Àǹtí Rábì fún mi. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, kò sì kéré tó ohun tí à ń fi ṣe ìtàn.

Àǹtí Rábì wà lára àwọn ọmọ wa tó wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Wọ́n gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran kan ní Rye Lane, àwa taipíìsì mẹ́ta sì wà lábẹ́ wọn. Wọ́n kéré ní ìdúró. Ohùn wọn kì í ròkè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró lẹ́yìn àga rẹ, gbogbo ìka rẹ á mọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀ tutù."

"Otútù kì í pa taipíìsì. Bàtà ni kì í gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ mọ pẹ́dàlì bí ọmọ ṣe mọ ọmú."

Pẹ́dàlì yẹn ló ń darí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á máa lọ. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, á dúró. Bí o bá tẹ apá òsì rẹ̀, á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ ń tẹ̀wé, ẹsẹ̀ ń pe ohùn, etí ń ṣe adájọ́. Oṣù púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọ láìwo ilẹ̀. Bí mo bá wolẹ̀, Àǹtí Rábì á da aṣọ ìnuwọ́ bo ọwọ́ mi àti ẹ̀rọ pọ̀, wọ́n á ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ nínú òkùnkùn. A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá lọ kírun. Lójú wọn, a kì í dán an wò.

Òfin méjì ló wà tí wọn kì í fi ṣeré. Èkíní ni ti eyín. Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ike kékeré méjì kan wà tí a ń pè ní eyín. Bí eyín bá wà níbẹ̀, èèyàn lè gba ohùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ti àtijọ́ á sì parẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ eyín náà, ẹ̀rọ kò ní gbà mọ́, àfi kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́lótéèpù bo ihò tó kù. Kásẹ́ẹ̀tì kankan kò gbọdọ̀ dórí tábìlì wa kí Àǹtí Rábì tó fi irin ìgé èékánná wọn ṣẹ́ eyín rẹ̀. A máa gbọ́ kẹ́, kẹ́, a ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé. "Ẹyin lohùn," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹni tó gbé ẹyin rẹ̀ wá fún ọ kò ní kí o jókòó lé e."

Òfin kejì ni pé àlàfo kò gbọdọ̀ wà láìní orúkọ. Bí o kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò gbọ́. Bí oníbàárà bá ní kí a yọ ọ̀rọ̀ kan, a ó yọ ọ́, torí òun ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a yọ nǹkan, àti orúkọ ẹni tó ní kí a yọ ọ́. Inú àwọn oníbàárà kan kì í dùn sí i. Àwọn kan sì ń lọ. Àǹtí Rábì kì í pè wọ́n padà.

Oníbàárà wa tó tóbi jù ni ọkùnrin òyìnbó kan tó ní ọ́fíìsì lẹ́bàá èbúté àtijọ́, níbi tí wọ́n ń pè ní Surrey Quays lónìí. Ètò rédíò ló ń ṣe, kò sì sí ohun tó ń wá kiri ju àràmàǹdà àti ìtìjú ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Á lọ bá àwọn arúgbó àti àwọn onímọ̀ ìtàn lọ́hùn-ún, á gba ohùn wọn sílẹ̀, á kó kásẹ́ẹ̀tì dé fún wa nínú àpò ọ̀rá. Ọ̀gá Rédíò ni à ń pè é lẹ́yìn.

Báyìí ni èmi tí n kò dé Amẹ́ríkà rí ṣe mọ àṣírí ibẹ̀ ju ti òpópónà mi lọ. Mo tẹ ìtàn ìwé ìròyìn kan ní New York láyé àtijọ́ tó kọ ọ́ pé wọ́n ti fi awò rí àwọn èèyàn abìyẹ́ bí àdán lórí òṣùpá. Àwọn ará ìlú rọ́ lọ rà á. Mo tẹ ìtàn ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de ọtí, tí àwọn dókítà wá ń kọ ọtí líle fún aláìsàn bí oògùn, tí ìlú sì ṣàìsàn lójijì. Èmi tí n kò fẹnu kan ọtí rí, mo mọ oríṣiríṣi orúkọ rẹ̀ tán. Mo tẹ ti ààrẹ kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó ń yan ìwé tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọkọ àti èyí tí kò ní débẹ̀, tí aráàlú kò sì mọ̀.

Àǹtí Rábì gbọ́ ìyẹn, wọ́n mi orí. "Ìyàwó gidi." Nígbà tó ṣe, wọ́n tún rò ó. "Ṣùgbọ́n ta ló dìbò fún un?"

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti akọ̀wé ààrẹ. Ààrẹ kan wà tó ń gba ohùn àwọn tó bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn dé, tí wọ́n ní kí ó kó téèpù wá sílé ẹjọ́, wọ́n rí i pé apá kan ti parẹ́. Kìkì ariwo hùùù ló kù. Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin wá sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun ló pa díẹ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, pé òun na ọwọ́ sí tẹlifóònù, òun ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn, ẹsẹ̀ òun sì wà lórí pẹ́dàlì. Wọ́n ní kí ó ṣe é kí àwọn rí i. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe nà tàntàn, ọwọ́ níhìn-ín, ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Ayé rẹ́rìn-ín. Ẹni tó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ gan-an, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ni ayé rántí.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Rédíò gbé ìtàn yẹn wá, ó wo ẹsẹ̀ mi lórí pẹ́dàlì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣọ́ra o. Ẹsẹ̀ ló lé ààrẹ kúrò lórí oyè!" Gbogbo wa bá a rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rábì kò rẹ́rìn-ín.

Oyún Nímọ̀ ló wà nínú mi nígbà tí tiwa dé. Ọ̀gá Rédíò ti gba ohùn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìyá náà wà lọ́mọge, ó ṣiṣẹ́ nídìí ìdíje ìbéèrè kan lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí gbogbo ìlú ń jókòó wò, tí wọ́n rò pé ọpọlọ ni àwọn tó ń borí ń lò. Ìyá náà ní irọ́ ni. Wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó borí ní ìdáhùn sílẹ̀, wọ́n á tún kọ́ ọ ní ìgbà tí yóò fi áńkáṣíìfù nu òógùn ojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìdáhùn lọ bá wọn. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́, ojú mi ń rọ omi.

Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ kìíní tán. Kí n tó bọ́ sí ìkejì, Ọ̀gá Rédíò wá, ó ní òun fẹ́ mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbé ẹ̀rọ bo etí, mo tẹ pẹ́dàlì.

Hùùù.

Mo jẹ́ kó lọ síwájú. Hùùù. Mo dá a padà sẹ́yìn. Hùùù. Ọmọ inú mi sọ kúlú.

"Àǹtí Rábì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ mà."

Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ihò eyín tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ́, sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti bò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé tẹlifóònù.

Nígbà tí Ọ̀gá Rédíò dé, ojú rẹ̀ ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ìyá náà ti kú lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí òun lè padà lọ bá. Ó ní àwọn ọ̀gá òun náà ń béèrè ètò náà lọ́wọ́ òun. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ mi. "Pẹ́dàlì ni," ni ó wí.

Àǹtí Rábì dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní: ẹ̀rọ tiwa kò ní ẹnu tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, etí nìkan ló ní. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù hàn án. Ó ní òun kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ohun tí òun mọ̀ ni pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìtàn akọ̀wé ààrẹ tó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, òun ló gbé bọ̀ wá bá mi.

Ó tún padà wá pẹ̀lú ìwé kan. Ó ní kí n ṣáà fọwọ́ sí i pé èèṣì ni, ẹsẹ̀ mi ló ṣì í. Kò ní bá mi jà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó gbé bírò lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san owó yàrá méjèèjì, gbogbo wa ló mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn taipíìsì ẹgbẹ́ mi fi Yorùbá sọ ọ́ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, "Síkírá, fọwọ́ sí i jàre, kí á ráyè jẹun. Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé ni?"

Àǹtí Rábì fa àga, wọ́n jókòó tì mí. Yorùbá ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀.

"Má wo ojú mi. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni?"

"Rárá mà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú mà."

"Bí iṣẹ́ yìí bá lọ, ọkọ rẹ á bá ọ jà?"

"Wọ́n máa bá mi jà mà."

"Wọ́n á jà, á rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí o bá fọwọ́ sí èyí, ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n á máa sọ títí ayé. Ọmọ tó wà nínú rẹ á bá a níbẹ̀."

Mo ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó dágbére fún wa dáadáa, kò sì padà wá mọ́. Ìbá sàn kó bínú. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òun ló fi sẹ́lótéèpù yẹn sí i, tàbí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì rẹ̀, tàbí bóyá wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò ní fi ohun tí n kò mọ̀ kún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé yàrá Rye Lane bọ́ lọ́wọ́ wa. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Àwọn taipíìsì méjì yòókù wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹni tó ní kí n fọwọ́ sí i kò kí mi lójú ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí Rábì gbé ẹ̀rọ lọ sí pálọ̀ wọn ní Peckham Rye, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọn kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tí wọ́n dúró ní Rye Lane, tí wọ́n ń wo fèrèsé wa àtijọ́.

Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ onírin tó ń dún bí òjò lórí páànù lọ, ti oníná dé. Kọ̀ǹpútà dé, kásẹ́ẹ̀tì lọ, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú wáyà wá. Kò sí eyín tí a lè ṣẹ́ mọ́. Àǹtí Rábì ṣàìsàn, wọ́n fún mi ní irin ìgé èékánná wọn, wọ́n sì lọ bá Ọlọ́run wọn. Èmi ń bá iṣẹ́ lọ, nílé agbẹjọ́rò, ní kánsù, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ìparí, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tó ń dá gbọ́, tó ń dá kọ. Ó yára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi lò ó, n kò rí i kó sọ lẹ́ẹ̀kan pé òun kò gbọ́. Ibi tí èèyàn bá ti kùn, á fi ọ̀rọ̀ tó dára dí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Nímọ̀ kó àwọn ọmọ wá láti ilé ìwé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mọ́mì, mánéjà ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní, 'It's just one line.'"

"Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí ló ń bẹ̀ ọ́ sí?"

"Ohun tí mo bi í nìyẹn."

"O bi í? O bi ọ̀gá rẹ bẹ́ẹ̀?"

"Mọ́mì!"

"Má pariwo mọ́ mi. Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ni pé, fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Mo ti la ẹnu. Ó wá ní, "Ẹ rántí akọ̀wé ààrẹ yẹn? Ẹ máa ń ṣe é fún wa ní kíṣìnì. Ẹ á na ọwọ́ sí kẹ́tùlù, ẹ á na ẹsẹ̀ sí ilẹ̀kùn fíríìjì, a ó máa rẹ́rìn-ín. Mọ́mì, ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ní kó nà á báyìí."

N kò sọ fún un rí pé wọ́n ti ní kí èmi náà nà á. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, láti orí sẹ́lótéèpù dé orí bírò.

"Oyún mi ló wà níbẹ̀?"

"Oyún rẹ ni."

"Nígbà náà, èmi náà ò fọwọ́ sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òfin kejì, mo sì sọ ọ́ fún un: Àǹtí Rábì kì í kọ̀ láti yọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Nímọ̀ jókòó dáadáa. Ó ní kí n tún un sọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó yọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà bí wọ́n ṣe ní. Ní ibi tó ti yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan nípa ilẹ̀kùn iná kúrò níbí, ó sì kọ orúkọ mánéjà tó pàṣẹ rẹ̀. Ìyẹn ló fọwọ́ sí. Mánéjà kà á, kò pariwo. Ó ní kí Nímọ̀ máa lọ sílé, wọn yóò pè é sí ìpàdé ìbáwí.

Òní ni Sátidé. Nímọ̀ wà ní yàrá mi, ó ń sinmi. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bó bá ti dún, n ó dáwọ́ kíkọ dúró. N kò lè sọ fún yín pé ó ti yọrí sí rere, torí n kò tíì mọ̀. Ìyá àgbà náà ṣì wà lájà rẹ̀ pẹ̀lú okùn.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí àti ẹ̀yin tí kò fẹ́ ṣe é. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ìbáà jẹ́ ti fúláàtì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ilé ìwé ọmọ yín, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kà á. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ wí i ní gbangba pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ni yóò máa na ẹsẹ̀.